Ìtòsí Ló Tàn Mí: Ọdún Kìíní Wa ní Maradi

Nígbà tí arákùnrin kan nínú ìjọ wa ń lọ sí London, wọ́n se ìrẹsì, wọ́n dáwó ra kóòtù òtútù fún un, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé e lórí títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó kàn mí, bàbá díákónì kan ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, Niger tí wọ́n ní ẹ ń lọ yìí, ṣebí Minna náà ni?" Mo ní rárá o, bàbá, orílẹ̀-èdè Niger ni, èyí tó wà lókè Katsina lọ́hùn-ún. Wọ́n mirí, wọ́n ní, "Ìyẹn náà ò kúkú jìnnà."

Èmi náà gbà pé kò jìnnà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà.

Ẹni tó ń lọ sí ìlú òyìnbó ti mọ̀ pé òtútù ń bẹ níwájú, pé èdè á yàtọ̀, pé wọn ò ní kí òun lójú pópó. Ó ti di àmùrè. Èmi ò múra rárá. Mo ti gbé ìtòsí Sábó ní Ìbàdàn fún ọdún mẹ́ta, mo ń fi Hausa ra ṣúyà, mo ń fi Hausa bá mẹ́gáàdì ṣeré. Láti Katsina sí Maradi, ìlú tí wọ́n rán mi lọ ṣiṣẹ́ ìwàásù ní Niger, kò pọ̀ ju 90 kìlómítà lọ. Oṣù Kejì ọdún 2023 la gba Jibiya kọjá, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa ọmọ ọdún mẹ́rin, pẹ̀lú báàgì mẹ́fà àti àpò gàrí kan tí ìyá ìyàwó mi fi dandan lé pé a gbọ́dọ̀ gbé. Eruku tó wà lọ́hùn-ún náà ló wà níhìn-ín. Ojú àwọn èèyàn ò yàtọ̀, Hausa náà sì ni aṣọ́bodè ìhín àti tọ̀hún ń sọ, àfi pé àwọn tọ̀hún ń fi Faransé kọ̀wé sínú ìwé wọn. Mo yíjú sí ìyàwó mi, mo ní, "Kò sí nǹkan tó máa ṣàjèjì sí wa níbí." Ó wò mí, kò fèsì. Òun ló gbọ́n.

Ọjọ́ kejì tí a débẹ̀ ni mo lọ ra àlùbọ́sà. Mo bi obìnrin tó ń tà á pé èló ni, ó ní, "Dala ashirin." Mo mọ ashirin, ogún ni. Mo kó ẹyọ owó fáránkì mẹ́wàá-mẹ́wàá méjì lé e lọ́wọ́. Ó wo owó, ó wò mí, ó da owó padà sí mi lọ́wọ́. "Dala ashirin!" Mo ní ohun tí mo fún ọ nù un. Ó bá yíjú sí obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sọ nǹkan kan, wọ́n jọ bú sẹ́rìn-ín. Mo ti ń bínú. Mo ní lọ́kàn pé nítorí wọ́n rí àlejò ni wọ́n ṣe fẹ́ yan mí jẹ. Ọmọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke kọjá ló dúró là mí lọ́yẹ̀: dala kan, fáránkì márùn-ún ni. Kò sẹ́ni tó ń ka fáránkì nínú ọjà, dala ni wọ́n ń kà. Ogún dala, 100 fáránkì nìyẹn. Bó bá wá di 1,000 fáránkì, orúkọ á tún yí padà, á di jikka. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti dárúkọ iye kan, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, kí n tó wá ṣírò rẹ̀ sí náírà, kí n tó mọ̀ bóyá ó wọ́n. Kí n tó ṣe tán, ọlọ́jà ti dá oníbàárà míì lóhùn. Mo rántí ìyá àgbà mi, tí wọ́n ń fi pọ́n-ùn ka náírà títí wọ́n fi kú, tí àwa ọmọ iléèwé ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn ì bá wà láyé, wọn ì bá rí mi lọ́jọ́ náà.

Ti ọjà kéré sí ti Àlàájì onílé wa. Bàbá yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bí wọ́n ṣe jáde wá kí wa káàbọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn, àyà kan ilẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Àlàájì ta sẹ́yìn. "A'a, a'a! Subhanallahi! Tashi, tashi!" Wọ́n di apá mi mú, wọ́n ń fà mí sókè bí ẹni ń yọ ọmọ nínú kòtò, wọ́n sì ń wo ọ̀tún wo òsì bóyá ẹnikẹ́ni ti rí wa. Ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀ dáadáa: àwọn ọ̀dọ́ bíi mẹ́jọ tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò lójú ọ̀nà. Mo mọ̀ pé lílósòó ni àwọn Hausa fi ń kí àgbà. Ohun tí mo rò ni pé bí wọ́n bá ń lósòó, tí èmi wá dọ̀bálẹ̀, mo ti ṣe jù wọ́n lọ nìyẹn. N kò ro ti ohun tí ìforíkanlẹ̀ jẹ́ lójú ẹni tó ń kírun ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Ìtàn àkọ́kọ́ tí àdúgbò gbọ́ nípa òjíṣẹ́ Kristi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni pé ó ń forí balẹ̀ fún ènìyàn ẹlẹ́ran ara. Oṣù mélòó kan ni mo fi jẹ gbèsè ọ̀rọ̀ yẹn.

Tíṣà kan ló ń kọ́ mi ní èdè láràárọ̀, àfi ọjọ́ Jímọ̀. Hausa Sábó mi ò gbé mi dé ibì kankan. Àlàáfíà tí wọ́n ń pè ní lafiya ní Kano, lahiya ni wọ́n ń pè é ní Maradi. Iléèwé, lakkol ni, láti inú Faransé. Ohun tó sì pa mí lára jù ni akọ àti abo. Yorùbá ò bìkítà. "Ó" ni ọkùnrin, "ó" ni obìnrin, "ó" ni ewúrẹ́. Hausa ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ìgboyà gbàdúrà ní gbangba nínú ìjọ, mo ní, "Ubangiji, ki taimake mu." Olúwa, ràn wá lọ́wọ́. Mo gbọ́ tí nǹkan ń hó kúṣẹ́kúṣẹ́ lápá ibi tí àwọn obìnrin jókòó sí. Mo rò pé ẹ̀mí ló ń bà lé wọn. Lẹ́yìn ìsìn ni ọmọdébìnrin kan sọ fún mi pé obìnrin ni wọ́n ń sọ "ki" fún, pé "ka" ló yẹ kí n wí. Ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko ni mo fi ń pe Olúwa ní ìyálé ilé.

Ọjọ́ míì, mo bi tíṣà yìí pé kí ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ tí mo wá ṣe. Ó ní wa'azi. Mo dákẹ́. Wàásù! Mo wá ń ka àwọn ìyókù lórí ìka: àdúrà, addu'a, àlàáfíà, lafiya, wàhálà náà nìyẹn, àlùbọ́sà tí mo torí ẹ̀ jà lọ́jà náà nìyẹn. Àwọn ọ̀rọ̀ tí Crowther àtàwọn tó tẹ̀ lé e bá lẹ́nu Yorùbá, tí wọ́n kó sínú Bíbélì wa kó tó jáde lódindi ní 1884, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ọ̀nà àríwá ni wọ́n gbà wọlé, láti ẹnu Mùsùlùmí. Mo ń kó ọjà oníṣòwò padà lọ tà fún un.

Ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ ni mí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ìtàn Bowen fún wa, òyìnbó Onítẹ̀bọmi tó gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1850, tó dé Ogbómọ̀ṣọ́ ní 1855, tí ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ sì jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858. Nínú gbogbo ìtàn náà, n kò gbọ́ ọ rí ẹni tó jókòó ti Bowen, tó ń tún "ẹ kú iṣẹ́" sọ fún un títí ahọ́n rẹ̀ fi yí i. Ẹni náà á kúkú ti fi í rẹ́rìn-ín délé.

Oúnjẹ ò dà wá láàmú. Tùwó jéró ni, miyar kuka wọn sì rèé, lúrú wa náà ni. Ẹni tó bá jẹ lúrú dàgbà ò lè kú sí Maradi. Ooru ló fẹ́ ṣe wá léṣe. Láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, 40 dígírì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá tú omi láti inú ẹ̀rọ lọ́sàn-án, ó gbóná tó omi ẹ̀kọ. Àgbàlá ni gbogbo ilé ń sùn sí, àwa náà sì gbé ẹní jáde.

Àwọn tó rán mi ò rán ìyàwó mi níṣẹ́ kankan. Nínú fọ́ọ̀mù tí a kọ, "ìyàwó òjíṣẹ́" ni wọ́n pè é, ó tán. Àmọ́ ní Maradi, ẹnu ọ̀nà ni tèmi pin sí nínú ilé tó pọ̀. Òun ló ń wọlé. Ó ń bá wọn ṣa ẹ̀wà, ó ń bá wọn lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ó ti ń lo ìborí bí ọmọ ibẹ̀. Kí oṣù kẹta tó pé, Hausa rẹ̀ ti kọjá tèmi tó ń ka gírámà láràárọ̀. Bí mo bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò, òun ni mò ń bi. Bí n bá tún rí irú fọ́ọ̀mù yẹn, màá bá wọn kọ ọ́ dáadáa.

Pásítọ̀ ìjọ tí wọ́n ní kí n lọ bá ṣiṣẹ́, ọmọ Niger ni, wọ́n jù mí lọ dáadáa. Mo ti kọ ètò oṣù mẹ́fà sílẹ̀ kí n tó dé: ìsọjí, ìpàdé ọ̀dọ́, ìwàásù ojú ọjà. Wọ́n ka ìwé náà látòkè délẹ̀, wọ́n ká a, wọ́n fi í fún mi padà. "Ka zauna tukuna." Kọ́kọ́ jókòó ná. Ó dùn mí. Ọdún márùn-ún ni mo ti fi ń dúró lórí pẹpẹ nílé. Wọ́n rí i lójú mi, wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí wọn kò tún sọ mọ́ láti ìgbà náà. Wọ́n wà ní Niamey ní oṣù Kìíní 2015, lọ́jọ́ tí wọ́n sun ilé ìjọ tó lé ní ogójì níbẹ̀ nítorí àwòrán Ànábì Muhammad tí ìwé ìròyìn kan yà ní ilẹ̀ Faransé. "Ilé aládùúgbò tí mo ti máa ń jókòó mu tíì ni mo sá wọ̀. Ká ní n kò jókòó níbẹ̀ rí, ilé ta ni ǹ bá sá wọ̀?"

Ni mo bá lọ jókòó. Àwọn ọ̀dọ́ abẹ́ dóńgóyárò yẹn, fada ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn. Kò sí òpópónà tí kò ní tirẹ̀. Ìkòkò tíì kékeré aláwọ̀ búlúù kan wà lórí èédú. Ẹni tó ń se é á bu tíì sínú kọ́ọ̀bù tí kò ju àtàǹpàkò lọ, á gbé ìkòkò ga títí dé èjìká, á tú u padà, á tún bù ú, títí yóò fi hó fùkẹ̀fùkẹ̀ lórí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń se é lórí ewé kan náà. Èkíní korò débi pé ó ń di èèyàn létí, ẹ̀kẹta dùn bí omi ṣúgà, láàárín méjèèjì wákàtí mẹ́ta ti lọ. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, obìnrin, iṣẹ́ tí kò sí. Ní ìparí oṣù, ọ́fíìsì tó rán mi níṣẹ́ fẹ́ kí n kọ iye ilé tí mo ṣàbẹ̀wò sí àti iye ọkàn tí mo wàásù fún. Ẹnì kan pè mí láti ọ́fíìsì náà, ó ní, "Pásítọ̀, tíì ni ẹ kọ síbí."

Ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023 ni àwọn sójà gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Bazoum. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ECOWAS ṣèpàdé ní Abuja, Ààrẹ tiwa ni alága, wọ́n fún àwọn sójà ní ọjọ́ méje kí wọ́n dá ìjọba padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n lè lo agbára. Wọ́n ti bodè. Nàìjíríà pa iná. Èèyàn ò lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ àfi tó bá wà níbẹ̀: nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná mànàmáná tí Niger ń lò nígbà náà, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń rà á. Òru tí ó ṣú lọ́jọ́ náà, láti ilẹ̀ mi ló ti wá.

Mo lọ sí fada lọ́jọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ dá wáí. Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe, tí kò rí iná fi ṣiṣẹ́ látàárọ̀, ló gbé ojú sókè. Ó ní, "Me muka yi muku?" Kí la ṣe fún yín? Ní Yorùbá, bí ọmọdé bá pe àgbà ní "yín", ọ̀wọ̀ ni. "Yín" tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀wọ̀. Èmi àti gbogbo Nàìjíríà tó wà lẹ́yìn mi ló ń bá wí. Mo ní n kò mọ̀. Wọ́n fún mi ní kọ́ọ̀bù tíì, mo mu ún, kò sẹ́ni tó tún sọ nǹkan.

Bàbá àgbà mi ta aṣọ ní Tamale. Wọ́n wà lára àwọn Ogbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi lọ sí apá àríwá Ghana pẹ̀lú ẹrù ọjà lórí, láìsí pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní míṣọ́nnárì. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn náà fún wa, orí ẹrù tí wọ́n fi sílẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí jù: béèlì aṣọ mélòó, gbèsè tí ẹnikẹ́ni ò san. Ọmọdé ni mí, n kò bi wọ́n ní ìbéèrè tó ń dùn mí lọ́kàn ní Maradi: àwọn aládùúgbò ńkọ́? Kí ni wọ́n ń ṣe lálẹ́ ọjọ́ wọ̀nyẹn?

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo bọ̀ láti fada, Àlàájì jáde ní ilé tiwọn pẹ̀lú ẹní, réédíò olóbátìrì àti tẹ̀sùbáà. Wọ́n tẹ́ ẹní náà láàárín ẹnu ọ̀nà wa àti ojú títì, wọ́n jókòó, wọ́n yí réédíò sí BBC Hausa. Mo lọ kí wọn. "Ina zafi?" Ooru ńkọ́? A dúpẹ́. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n wá gbà. Wọn ò dìde títí aago mọ́kànlá fi lù. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tún dé. Ọjọ́ kẹta, mo sọ fún ìyàwó mi pé ó dà bíi pé Àlàájì fẹ́ràn ojúlé wa. Ó ní, "Ṣé lóòótọ́ lo ò rí i ni? Wọ́n ń ṣọ́ wa." Mo wá wò ó dáadáa. Gbogbo ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn kọjá gbọ́dọ̀ dúró kí Àlàájì. Kíkí ibẹ̀ sì gùn: oorun, àárẹ̀, ìdílé, iṣẹ́, ooru. Kí ẹni náà tó kí i tán, ó ti rí ibi tí bàbá jókòó sí, ó sì ti mọ ìdí rẹ̀. Wọn ò sọ ọ́ fún mi rí. Èmi náà ò dúpẹ́ lẹ́nu, nítorí mo rí i pé ọpẹ́ á bà á jẹ́.

Owó wa ti ń yọ́ ní tiẹ̀ láti oṣù Kẹfà tí wọ́n ti fi náírà sílẹ̀ kó máa léfòó. Náírà ni ìjọ ń fi ránṣẹ́. Nígbà tó fi di oṣù Kejì 2024, iye fáránkì tí 1,000 náírà ń mú wá kò tó ìdajì ti ìgbà tí a dé. Bodè wà ní títì, nítorí náà oníṣòwò kan ní Katsina ló ń gba owó, èkejì rẹ̀ ní Maradi á kà á fún wa, àwọn méjèèjì á sì gé tiwọn. Ibà kọ lu ọmọ wa lásìkò òjò. Oògùn tó máa ń wá láti Nàìjíríà ti gbówó lórí. Ìyálé Àlàájì ló fi kabu-kabu, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀kadà níbẹ̀, gbé ìyàwó mi àti ọmọ lọ sílé ìwòsàn, tó sanwó ọ̀kadà náà. Oṣù mẹ́ta ni Àlàájì ò bèèrè owó ilé. Ní oṣù kẹrin wọ́n bèèrè, wọ́n sì gbà á pé, wọn ò yọ dala kan.

Ọjọ́ 24 oṣù Kejì 2024 ni ECOWAS ká ọ̀pọ̀ nínú ìjìyà náà kúrò. Lẹ́yìn náà ni iná ń padà wọlé díẹ̀díẹ̀. Alẹ́ tó kọ́kọ́ wà títí, àwọn ọmọdé pariwo láti òpin òpópónà dé òpin rẹ̀, ẹni tó ń tún fóònù ṣe gbé tábìlì rẹ̀ jáde, ó juwọ́ sí mi. Àlàájì wà lórí ẹní wọn. Wọ́n gbójú sókè wo gílóòbù tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n pa réédíò, wọ́n ká ẹní, wọ́n ní sai da safe, ó dàárọ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ó parí nìyẹn.

Alẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n tún gbé ẹní dé. Mo ní, "Àlàájì, iná ti dé o." Wọ́n ní àwọn rí i. Wọ́n ní réédíò àwọn ń gbọ́ dáadáa níbí ju inú ilé lọ, kí n sún lọ díẹ̀, mo dí atẹ́gùn lọ́nà.